Ọ̀rá Ni Ọ̀tá Bọ́ọ̀lù Onídán

Bí a bá kó gbogbo ìmọ̀ràn tí àwọn onídán ń gba ara wọn lórí ìtọ́jú bọ́ọ̀lù sílíkóònù jọ, a ó rí i pé eruku ni púpọ̀ nínú wọn ń bá jà. Wọ́n ní kí á fi àtíkè pa bọ́ọ̀lù lára, kí á máa fi aṣọ rírọ̀ nù ún, kí á dì í sínú àpò kí afẹ́fẹ́ má baà da yẹ̀pẹ̀ sí i. Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Eruku tó bà lé bọ́ọ̀lù tó mọ́, omi àti ìwọ̀nba ọṣẹ ló máa gbé e lọ kíá. Ohun tó ń sọ bọ́ọ̀lù di alálẹ̀mọ́ tí kò gbọ́ ọṣẹ mọ́ ni ọ̀rá: ọ̀rá ara èèyàn, ìpara, òróró àkàrà, èéfín ọkọ̀ tó ní epo nínú. Ọ̀rá yìí ló ń di eruku mú, ọwọ́ onídán fúnra rẹ̀ ló sì ń gbé e wá. Ẹni tó bá fẹ́ kí bọ́ọ̀lù òun pẹ́, kí ó kọ́kọ́ yẹ ọwọ́ ara rẹ̀ wò. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò jiyàn, iyàn wọn sì tó gbọ́.

Olówógbowó dára fún irú àgbéyẹ̀wò yìí. Etí erékùṣù Èkó lápá ìwọ̀-oòrùn ni àdúgbò náà wà, lẹ́bàá ọ̀sà, níbi tí Afárá Èkó ti ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sí Àpọ́ngbọ̀n. Àwọn Sàró tó ti Sierra Leone padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló kún ibẹ̀ nígbà kan. Lónìí, ọjà ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Òkè-Àrìn ò jìnnà, ọjà Balógun ò jìnnà, Ìdúmọ̀tà náà ò jìnnà. Ẹni tó bá rìn láàárín wọn yóò rí gbogbo ohun tó lè ba bọ́ọ̀lù onídán jẹ́ àti gbogbo ohun tó lè gbà á sílẹ̀, lórí àtẹ kan náà nígbà mìíràn: òrí, àdín, òróró ẹ̀pà, tínà tí àwọn akunlé ń lò, àtíkè, ọṣẹ dúdú, ọṣẹ olómi, omi inú náílọ́ọ̀nù tí a ń pè ní píọ̀ wọ́tà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ náà ní tirẹ̀ nínú, nítorí èéfín dáńfó àti ti jẹnẹrétọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dá níbẹ̀.

Iṣẹ́ idán kì í ṣe àlejò láwùjọ wa. Eégún onídán ti ń para dà ní gbangba ọjà kí òyìnbó tó dé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Peller, ọmọ Ìsẹ́yìn tí wọ́n pa ní Èkó ní ọdún 1997, sì gbé idán orí ìtàgé dé ibi tí tọmọdé tàgbà ní Nàìjíríà fi mọ orúkọ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù kéékèèké tí onídán ń mú farahàn, tó ń mú pòórá, tún dàgbà ju ìyẹn lọ lágbàáyé. Seneca, amòye ará Róòmù, mẹ́nu kan ife àti òkúta wẹ́wẹ́ àwọn onídán nínú lẹ́tà rẹ̀ ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí Reginald Scot sì tẹ ìwé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1584 láti fi hàn pé ọgbọ́n ọwọ́ lásán ni púpọ̀ nínú ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní àjẹ́, eré bọ́ọ̀lù wà lára ohun tó tú àṣírí rẹ̀. Kọ́ọ̀kì, òwú àti awọ ni wọ́n fi ń ṣe bọ́ọ̀lù látijọ́. Fóòmù dé ní ọ̀rúndún ogún. Sílíkóònù wá tẹ̀ lé e. Ohun tí sílíkóònù fi wọlé sọ́kàn àwọn onídán kò ṣòroó rí. Ó ń di ìka mú láìjẹ́ pé ó lẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ mọ́lẹ̀, ó ń ta padà sókè gan-an, kò sì ń pariwo bí ó bá kan ara rẹ̀. Ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù mẹ́rin há àárín ìka ọwọ́ kan mọ iyì dídìmú yẹn. Ẹ kíyè sí i pé ojú ara bọ́ọ̀lù ni gbogbo àǹfààní yìí wà. Bí ọ̀rá bá bo ojú ara náà, ohun tí a torí rẹ̀ ra bọ́ọ̀lù ti lọ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́.

Iyàn àkọ́kọ́ tí a ó bá pàdé ni ti àwọn tó ní sílíkóònù kì í bàjẹ́, pé kí ni a ń yọ ara wa lẹ́nu sí. Wọ́n ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Frederick Kipping ní ìlú Nottingham ló ṣí ọ̀nà ìmọ̀ nípa àwọn èròjà wọ̀nyí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní 1940 ni Eugene Rochow, tó ń ṣiṣẹ́ fún General Electric ní Amẹ́ríkà, rí ọ̀nà tí a lè gbà ṣe wọ́n lọ́pọ̀. Nígbà tó sì di 1943, wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ Dow Corning sílẹ̀ fún un. Kábọ́ọ̀nù ni ẹ̀yìn tí rọ́bà igi rọ̀ mọ́, oòrùn àti afẹ́fẹ́ sì máa ń jẹ ẹ́ títí yóò fi sán. Ọ́síjìn àti èròjà kan tó wà nínú iyanrìn ló so kọ́ra di ẹ̀yìn sílíkóònù, oòrùn Èkó kò sì lè rí i gbé ṣe. Láti ìwọ̀n otútù 50 ní ìsàlẹ̀ òdo títí dé ìwọ̀n ooru 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó wà bó ṣe wà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ṣe abọ́ tí a fi ń yan àkàrà òyìnbó àti ọmú ìgò ọmọ.

Ẹ̀rí tó tako wọn wá láti inú ọkàn èèyàn. Ní 1960, oníṣẹ́ abẹ Albert Starr àti ẹnjiníà Lowell Edwards, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilẹ̀kùn ọkàn àtọwọ́dá sí àwọn aláìsàn lára. Bọ́ọ̀lù sílíkóònù kékeré ni, nínú àgò irin. Bí ọkàn bá ti ń lù ni bọ́ọ̀lù náà ń lọ sókè sódò láti ṣí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ àti láti tì í. Ó gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn là. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn dókítà rí i pé díẹ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀lù wọ̀nyẹn ń wú, wọ́n ń pọ́n bí epo, wọ́n sì ń sán. Àwọn aláìsàn kan tilẹ̀ kú nítorí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀ràn náà wò, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n bá nínú sílíkóònù. Kì í ṣe orí rẹ̀ ló dúró sí, inú ló wọ̀ lọ. Wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n fi ń sè é nílé-iṣẹ́ padà ní àárín ọdún 1960 sí 1969, ìṣòro náà sì dínkù gan-an. Lóòótọ́, ọwọ́ onídán kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ gbígbóná tó ń ṣàn tọ̀sán tòru fún ọdún púpọ̀, n kò sì sọ pé bọ́ọ̀lù inú àpò ẹnikẹ́ni yóò wú bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fà yọ níbẹ̀ ni pé sílíkóònù tó ń lé omi sẹ́yìn ń gba ọ̀rá mọ́ra. Bí ọ̀rá bá ti pẹ́ lára rẹ̀, ọṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ lójú ara nìkan kò ní í lè fà á jáde tán. Ó tún fi hàn pé bí wọ́n bá ṣe sè é ló ṣe máa lágbára tó.

Kí ni ti eruku wá jẹ́? Sílíkóònù kì í jẹ́ kí iná mànàmáná gba ara òun kọjá. Bí awọ ara èèyàn bá ń fara gbún un, iná wẹ́wẹ́ á kó jọ sí i lára, kò sì ní ibi tí yóò bá lọ, ìyẹn ló fi ń fa eruku àti fọ́nrán òwú mọ́ra. Nígbà òjò, tí afẹ́fẹ́ Èkó kún fún omi, iná náà ń jò lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà ọyẹ́, láti December sí February, afẹ́fẹ́ gbẹ, iná náà dúró digbí, àsìkò yẹn gan-an sì ni eruku láti apá Chad ń fò dé etí òkun wa. Ọyẹ́ nìkan ni mo lè gbà pé àwọn tó ń bá eruku jà jàre díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun mìíràn tí ọyẹ́ ń ṣe: awọ ara ń gbẹ, ètè ń là, gbogbo ilé ń fi òrí, Vaseline tàbí àdín àgbọn para. Àsìkò tí eruku pọ̀ jù lọ náà ni ọ̀rá pọ̀ jù lọ lọ́wọ́. Eruku ọyẹ́ tó bá ọwọ́ gbígbẹ pàdé á fò lọ. Èyí tó bá òrí pàdé á di àbàwọ́n dúdú. Awuyewuye pé bọ́ọ̀lù funfun kì í ṣe ti Èkó, ibí yìí ló ti wá, ó sì ń dùn mí pé àwọ̀ la ń dá lẹ́bi.

Àwọn tó mọ̀ pé ọ̀rá ni ìṣòro tún máa ń ṣe àṣìṣe tiwọn, èyí tó burú jù. Wọ́n ní bẹntiróòlù, kẹrosíìnì tàbí tínà ló ń gé ọ̀rá, wọ́n sì da bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ń gé ọ̀rá. Ní 2003, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Lee, Park àti Whitesides, tẹ iṣẹ́ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Analytical Chemistry, níbi tí wọ́n ti ki sílíkóònù bọ inú oríṣiríṣi omi tí wọ́n sì wọn bó ṣe gùn sí i. Nínú omi lásán, kò yí padà rárá. Nínú ọtí líle tí a ń pè ní ethanol, ó gùn di ìlọ́po 1.04 bó ti wà tẹ́lẹ̀. Nínú toluene, tó sábà máa ń wà nínú tínà, ó di 1.31, nínú hexane, tó jẹ́ ọmọ ìyá ohun tó wà nínú bẹntiróòlù, ó di 1.35. Bọ́ọ̀lù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 60 mílímítà yóò súnmọ́ 81 nípa ìṣirò yìí. Bọ́ọ̀lù tí à ń rà lọ́jà ní àwọn èròjà mìíràn nínú, kò ní í wú tó bẹ́ẹ̀, mo gbà. Àmọ́ yóò wú, bó bá sì gbẹ tó padà sípò, àwọn ohun tí epo náà ti fà jáde nínú rẹ̀ kò ní í padà mọ́. Ìyẹn kí á tó sọ ti iná tó lè gbà nínú yàrá. Nǹkan tí ìwádìí yẹn tún kọ́ wa, tí àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ, ni pé sípíríìtì, tó jẹ́ ethanol ló pọ̀ nínú rẹ̀, kò léwu fún bọ́ọ̀lù. Aṣọ tí a fi sípíríìtì rin díẹ̀ lè nu ọ̀rá tuntun kúrò láàárín eré méjì, ó sì wúlò fún onídán ayẹyẹ ọmọdé, níbi tí ọwọ́ ogún ọmọ ti lè kan bọ́ọ̀lù kan lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kí ó má ṣe fi èyí tó nípọn bí ògì, tí a ń fi pa ọwọ́ láti ọdún Kòrónà, dípò rẹ̀. Glycerine tí wọ́n fi sínú ìyẹn kí ọwọ́ má baà gbẹ ń ṣẹ́kù sára bọ́ọ̀lù, ó sì ń lẹ̀.

Fún ìfọ̀ gidi, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ ló borí gbogbo wọn, nítorí pé ọ̀rá abọ́ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Omi nìkan kò lè ṣe nǹkan kan, yóò kàn máa yí gbirigbiri lórí sílíkóònù bí ìrì lórí ewé kókò ni. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan kò ní í dùn sí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ọṣẹ dúdú. Ọṣẹ dúdú dára fún ara nítorí pé àwọn tó ń sè é sábà máa ń jẹ́ kí àdín tàbí òrí ṣẹ́kù nínú rẹ̀ láti mú ara dán, ìdí kan náà ni kò fi dára fún bọ́ọ̀lù. Omi náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ní erékùṣù yìí. Ìjà omi kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: nígbà tí Dókítà John Randle àti Dókítà Òrìṣàdípẹ̀ Ọbásá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní 1908, owó omi wà lára ohun tí wọ́n ń bá ìjọba fà. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé gbára lé omi tí wọ́n gbẹ́ nílẹ̀, omi ọ̀sà àti ti òkun sì ti wọ inú púpọ̀ nínú rẹ̀. Omi oníyọ̀ kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó dáadáa. Ọṣẹ tó sì kùnà láti hó máa ń di àgbékù funfun tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Ẹni tó bá ti fọ bọ́ọ̀lù rẹ̀ tó rí i pé ó tún ń lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ó fura sí omi. Píọ̀ wọ́tà kan tàbí méjì tó fún ìṣàn ìkẹyìn. Lẹ́yìn náà, kí á gbé e sórí asẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, nítorí táwẹ́ẹ̀lì ni orísun òwú tó pọ̀ jù.

Bíbọ̀ ọ́ lórí iná ńkọ́? Fún bọ́ọ̀lù tó jẹ́ sílíkóònù délé dóko, omi híhó kò ṣe é ní nǹkan, ó sì lè bá a yọ díẹ̀ nínú ọ̀rá tó ti wọnú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ idán ni à ń sọ. Àwọn bọ́ọ̀lù kan ní òòfà nínú. Òòfà alágbára tí wọ́n sábà máa ń lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù agbára rẹ̀ tí ooru bá kọjá ìwọ̀n 80, omi sì ń hó ní 100. Onídán tó bọ irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ yóò rí bọ́ọ̀lù tó mọ́ tónítóní, tí kò sì lè pidán mọ́.

Àtíkè ni mo ní láti pẹ́ lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí pé òun ni ìmọ̀ràn tó gbajúmọ̀ jù. Àwọn tó ń lò ó ní ó ń gbẹ bọ́ọ̀lù, ó ń mú kó yọ̀ lọ́wọ́. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìwọ̀nba àsìkò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé àtíkè ń fa ọ̀rá tó wà lójú ara bọ́ọ̀lù mu, òun àti ọ̀rá náà á wá para pọ̀ di lẹ́ẹ̀. A fi eruku olóòórùn dídùn rọ́pò eruku Àpọ́ngbọ̀n nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìlera tún wà níbẹ̀: ní 2024, àjọ IARC tó ń wádìí ohun tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé fi talc, tí wọ́n ń lọ̀ ṣe ọ̀pọ̀ àtíkè, sí ìpele ohun tó ṣeé ṣe gan-an kó máa fà á. Àwọn kan ti sá lọ sọ́dọ̀ ìyẹ̀fun àgbàdo. Ìyẹn kò léwu fún ẹ̀dọ̀fóró bẹ́ẹ̀, àmọ́ oúnjẹ ni: ní ilé tí òjò June ti ń rin ògiri, èébu àti èèrà kò ní í pẹ́ mọ ibi tó wà. Bí ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù láti ìka sí ìka bá fẹ́ kí ó yọ̀ lóòótọ́, kí ó fi ìwọ̀nba ìyẹ̀fun náà pa á ní kété tó kù díẹ̀ kí eré bẹ̀rẹ̀, lára bọ́ọ̀lù tó ti mọ́, kí ó sì fọ̀ ọ́ kúrò lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kó ṣáájú gbogbo èyí lọ́jà: ṣé sílíkóònù ni bọ́ọ̀lù náà? Ìsọ̀ tó ń ta ìṣeré ọmọdé ní Ìdúmọ̀tà kún fún bọ́ọ̀lù rírọ̀ mèremère, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ike tí wọ́n fi òróró mú rọ̀. Òróró yẹn ń jáde síta díẹ̀díẹ̀ láti inú bọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀. Kò sí ọṣẹ tó lè wo irú ìyẹn sàn, bí a bá fi sínú àpò kan náà pẹ̀lú sílíkóònù gidi, ó lè fi ọ̀rá tirẹ̀ ràn án. Bí ẹni tó rà á bá lè fi èyí tó kéré jù jọ̀wọ́, kí ó gé e díẹ̀, kí ó dáná sí i ní ìta gbangba: sílíkóònù á jó di eérú funfun, ike á yọ èéfín dúdú olóòórùn burúkú. Àwọ̀ tí wọ́n kùn sí ojú ara náà jẹ́ àmì. Sílíkóònù kì í jẹ́ kí ọ̀dà dúró lára òun, nítorí náà inú ni àwọ̀ bọ́ọ̀lù gidi ń wà. Èyí tó bá ń bó, ẹ jẹ́ ká fura. Ìdí kan náà ni gọ́ọ̀mù lásán kò fi lè lẹ bọ́ọ̀lù tó ya. Yíya sì ni àléébù sílíkóònù tó tóbi jù lẹ́yìn ọ̀rá, èékánná gígùn tàbí òrùka tó là á díẹ̀ ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀, yóò máa ya lọ ni.

A wá kan iyàn tó lágbára jù. Onídán á ní, "Ẹ ní kí n má para nígbà ọyẹ́? Ọwọ́ tó là, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ṣé ìyẹn ló máa pidán?" Ó jàre. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ọ̀rá kò sì lè tán lára bọ́ọ̀lù ẹni tí òrí wà lọ́wọ́ rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n àsìkò ni mo ń bá a sọ. Kí ó para lálẹ́ kó tó sùn, kí awọ rẹ̀ rí i mu mọ́jú. Kí ó fi ọṣẹ abọ́ fọ ọwọ́ kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, ìbáà ṣe ìdánrawò lásán, nítorí pé ìdánrawò ló ń gba wákàtí púpọ̀ ju eré lọ, àárín àkàrà àti ẹ̀kọ ni ọ̀pọ̀ sì ti ń ṣe é. Òmíràn á ní ọwọ́ tí a fọ̀ gbẹ jù, pé ọ̀rinrin díẹ̀ ló ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù dúró láàárín ìka. Òógùn ni ẹni yẹn ń sọ. Omi àti iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú òógùn àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹwọ́ fúnra rẹ̀ kì í sun ọ̀rá rárá. Iwájú orí àti imú ni ọ̀rá ara wa ti ń sun, ọwọ́ tó ń fọwọ́ ra ojú ló ń lọ bù ú wá.

Ti àwọn tó ní kí á ra òmíràn bí ti àkọ́kọ́ bá dọ̀tí ló kù. Lójú owó, wọ́n lè jàre lórí fóòmù. Lórí sílíkóònù, kì í ṣe owó nìkan là ń ná. Ìka tó ti mọ ìwúwo àti ìbú bọ́ọ̀lù kan ti kọ́ ohun tí kò ṣeé rà. Mílímítà kan tí tuntun bá fi ju ti àtijọ́ lọ ti tó láti jẹ́ kí ẹ̀kẹrin yọ jáde láàárín ìka níwájú èèyàn. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀lù yìí sì ń ti òkè òkun wá, ẹni tó bá padà dé ìsọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà lè má bá irú rẹ̀ lórí àtẹ mọ́. Ọṣẹ abọ́ àti píọ̀ wọ́tà kì í wọ́n ní Òkè-Àrìn.